Ilẹ̀kùn tí mo kàn nígbà òjò ti là nígbà ọyẹ́: báwo ni a ṣe ń sá pákó ní ìgbèríko Àbújá?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kwali kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ igi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní abúlé kan lẹ́yìn Kwali, ní ọ̀nà Abaji. Páànù ni a fi bò ó, ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni ó sì ní ògiri. Bí owó epo bá wà, mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀rọ ìlagi mi. Bí kò bá sí, ayùn ọwọ́ àti ìfági ni mo ń lò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó wá sí ìhín, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dà mí láàmú, nítorí pé ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ láìsí wàhálà ni ó ń dójú tì mí níbí.

Ní oṣù Kẹjọ, bàbá kan tí ó ń kọ́lé sí Gwagwalada gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́ta fún mi, ó ní ọ̀gànwó ni òun fẹ́. Mo lọ ra pákó ní ọjà igi. Ẹni tí ó tà á fún mi fi ìka lù ú, ó sì sọ ọ́ ní èdè Hausa pé katako náà "ya bushe", pé ó ti gbẹ. Èmi náà fọwọ́ kàn án, kò tutù. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní férémù àti páńẹ́lì méjì, páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó ínǹṣì 16, pákó méjì ni mo lẹ̀ pọ̀ kí n tó rí ìwọ̀n yẹn. Mo ta gọ́ọ̀mù sí gbogbo etí ibi tí páńẹ́lì ti wọ inú férémù, mo tún fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án láti ẹ̀yìn kí ó má baà máa mì. Mo fi fáníìṣì kùn ún, ó ń dán, oníbàárà mi sì dúpẹ́.

Oṣù Kìíní kò tíì parí tí ó fi pè mí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, méjì nínú páńẹ́lì mẹ́fà náà ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan sì là débi pé mo ń rí iná yàrá kejì láti inú rẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe ojú gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ pákó méjèèjì pọ̀ ni ó ti là. Ara igi gan-an ni ó ya. Igun férémù kan náà ti ṣí díẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Báwo ni ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ igi ṣe lè sá pákó tí yóò dúró ní ilẹ̀ yìí? Ṣé àwọn ilẹ̀kùn yìí ṣì ṣeé tún ṣe, àbí kí n máa wá owó igi mìíràn?

Ọmọ Suleja fèsì pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń tẹ́ pákó sínú oòrùn gbangba fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ń yí i padà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Oòrùn Àbújá kì í ṣe oòrùn eré, ó máa ń gbẹ igi kíákíá.

Àgbà Onígi fèsì pé:

Ọmọ Suleja, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn ti ba igi púpọ̀ jẹ́. Oòrùn gbangba á gbẹ ojú pákó nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ojú á fẹ́ sún kì, inú kò ní jẹ́ kí ó sún kì, ojú á sì sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ètè ẹni tí kò fi òrí para nígbà ọyẹ́. Pákó náà á tún tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ dá a dúró, ẹ jọ̀wọ́.

Àbúrò mi ará Kwali, mo ti wà ní Gwagwalada kí ìjọba àpapọ̀ tó kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ohun tí ó ṣe ọ́ yìí sì ti ṣe èmi náà ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé. A máa ń rò pé igi gbígbẹ, igi gbígbẹ ni níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi máa ń bá afẹ́fẹ́ ibi tí ó wà dọ́gba ni. Bí afẹ́fẹ́ bá lómi, igi á fa omi mọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, igi á tú omi sílẹ̀, ìbáà ti pé ogún ọdún tí a gé e.

Omi méjì ni ó wà nínú igi tútù. Ọ̀kan wà nínú àwọn ihò tín-ín-tín-ín inú igi, bí omi inú ife. Èyí ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde. Bí ó ṣe ń jáde, igi á máa fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ní fífẹ̀ kò ní yí padà. Èkejì wà nínú ara ògiri ihò náà fúnra rẹ̀, bí omi tí aṣọ mu. Ìgbà tí omi inú igi bá ti dín sí nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ ni èkejì yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìgbà náà ni igi tó ń sún kì. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi lè tan ọ́ jẹ ní ọjà: pákó tí ó ṣì ní ìdá 20 kò ní tutù lọ́wọ́ rárá.

Ní oṣù Kẹjọ, tí òjò ń rọ̀, igi tí ó wà lábẹ́ òrùlé níbí kò lè gbẹ kọjá nǹkan bí ìdá 16, ó sì lè jẹ́ pé tìrẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé láti àríwá ìlà-oòrùn, tí ọ̀fun ń gbẹ tí aṣọ sì ń gbẹ kí a tó sá a tán, igi kan náà á wá sí nǹkan bí ìdá 6. Ìdá 10 ni ó sọnù yẹn. Nínú pákó ọ̀gànwó tí a là ní ìlà pẹlẹbẹ, ìdá 10 omi tí ó jáde lè mú kí fífẹ̀ rẹ̀ dín ní nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Fi èyí ṣírò ínǹṣì 16 rẹ, wàá rí i pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì lọ. Gígùn igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà ní tirẹ̀. Fífẹ̀ nìkan ni ìjà wà. Igi ìdábùú férémù rẹ, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, wá dúró gbọn-in nítorí pé gígùn wọn ni ó bá fífẹ̀ páńẹ́lì lọ, páńẹ́lì fẹ́ sún kì, gọ́ọ̀mù àti ìṣó rẹ sì dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí ni kí ó ṣe? Ó ya. Gọ́ọ̀mù rẹ dára, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kò fi là.

Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni, ẹ̀ṣẹ̀ kejì sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí igi rẹ ìbá tilẹ̀ gbẹ dáadáa, bí a bá kan páńẹ́lì mọ́ férémù ní gbogbo etí, yóò là ní ọjọ́ kan. Inú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí o gbẹ́ sí férémù ni kí páńẹ́lì jókòó sí lófìífo, kí ó lè máa rìn. Bí o bá fẹ́ kí ó má mì, ta gọ́ọ̀mù bíńtín sí àárín òkè àti àárín ìsàlẹ̀ nìkan, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè máa wá kí wọ́n sì máa lọ. Kí o sì kun páńẹ́lì náà tán kí o tó tò ó sínú férémù, nítorí pé bí o bá kùn ún lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá sún kì, ìlà igi funfun tí kò ní fáníìṣì á yọ ní etí, oníbàárà á sì pè ọ́.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí o bá ń ṣe ilẹ̀kùn nígbà òjò, páńẹ́lì ti fẹ̀ dé ìwọ̀n tí ó ń fẹ̀ dé, nítorí náà jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ kòtò, kí kòtò sì jìn tó ìlàjì ínǹṣì kí etí rẹ̀ má baà yọ jáde nígbà ọyẹ́. Bí o bá ń ṣe é nígbà ọyẹ́, fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, nítorí pé oṣù Keje ń bọ̀, bí kò bá sì ráyè, yóò ti férémù rẹ ya ni.

Ní ti sísá, oṣù Kẹwàá ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ń lọ tí ọyẹ́ kò tíì dé. Mo máa ń to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kí pákó ìsàlẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, mo gbé igi ìdábùú lé wọn, mo sì fi ọ́yìlì dúdú tí wọ́n yọ nínú mọ́tò kun igi ìdábùú yẹn nítorí ikán. Igi ìdábùú nìkan o, má fi kun pákó fúnra rẹ̀, fáníìṣì kò ní mú un láéláé. Lẹ́yìn náà, mo máa ń to pákó ní ìpele ìpele, mo sì ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ, ínǹṣì kan sí ínǹṣì kan, sí àárín ìpele kan sí èkejì ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti òkè dúró gan-an lórí ti ìsàlẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọ́n á to wọ́n ségesège, pákó á sì gbẹ bí ìgbì omi. Fi páànù bò ó lórí, kí o sì gbé òkúta lé e. Kun orí pákó ní ìpẹ̀kun méjèèjì pẹ̀lú ọ̀dà àjẹkù, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń sáré jáde tí igi fi ń sán. Nígbà tí ọyẹ́ bá le, mo máa ń ta àpò sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kí ó má baà yára jù. Pákó ínǹṣì kan máa ń gbà mí tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ti ínǹṣì méjì ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Ìyá Onífọ́níṣọ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Kùbwá ni mo ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, èmi kọ́ ni mo ń kàn án, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń dá a padà fún, nítorí náà mo ti kọ́ bí a ṣe ń wọn omi inú igi láìra ẹ̀rọ.

Gé ègé kan tí ó tó ínǹṣì kan ní gígùn láti ara pákó, ṣùgbọ́n má gé e ní ìpẹ̀kun, wọ inú tó ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí pé ìpẹ̀kun máa ń gbẹ ju àárín lọ. Wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tí ń ṣe kéèkì ń lò, kí o sì kọ iye rẹ̀ sára igi náà. Lẹ́yìn náà, sá a gbẹ nínú ààrò. Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì àdúgbò ni mo máa ń gbé tèmi lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì jáde tí ooru ti rọlẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé e wọlé nígbà tí ó ṣì gbóná jù, ó jó ní etí, ìṣirò mi sì di irọ́. Ooru tí ó fi díẹ̀ ju ti omi híhó lọ ni ó tó. Máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 168 tẹ́lẹ̀, tí ó wá dúró ní 140, gíráàmù 28 ni omi tí ó jáde; pín 28 sí 140, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Pákó yẹn kò tíì ṣeé fi ṣe ilẹ̀kùn ní Àbújá.

Bí èyí bá ni ọ́ lára, sàmì sí pákó kékeré kan nínú àwọn tí o tò, kí o máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti bá afẹ́fẹ́ dọ́gba.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kwali kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ ṣeun, Mà. Ó ti yé mi báyìí. Ìyẹn ni pé kí n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù dí ibi tí ó là, kí n sì kun ún?

Àgbà Onígi fèsì pé:

Rárá o! Bí o bá dí i nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò bá dé, tí igi ń wú, kò ní sí àyè tí yóò wú sí, yóò sì tún ya níbòmíràn.

Lọ sí ibẹ̀ nísinsìnyí tí ọyẹ́ ṣì wà. Yọ gbogbo ìṣó wẹ́wẹ́ náà láti ẹ̀yìn. Fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí abẹ ayùn irin wọ etí férémù, kí o máa gé gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀ yí páńẹ́lì ká. Má fi òòlù lù ú, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí páńẹ́lì bá ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó dì í mú, wàá rí i pé ojú ibi tí ó là yóò súnmọ́ra fúnra rẹ̀, nítorí pé igi kankan kò sọnù níbẹ̀, fífà ni wọ́n fà á ya. Ta gọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, fi kíláǹpù fún un pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àyè tí ó bá ṣẹ́ kù ní etí, má dí i. Ti oṣù Keje nìyẹn. Tẹ́ẹ́rẹ́ igi ni kí o fi bo etí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí o sì kan ìṣó rẹ̀ mọ́ férémù, kì í ṣe mọ́ páńẹ́lì.

Ní ti igun tí ó ṣí, fún un pọ̀, lu ihò gba inú ìsopọ̀ náà, kí o sì gbá èèkàn igi líle tí ó gbẹ wọ inú rẹ̀. Ṣe páńẹ́lì mẹ́rin tí kò tíì là náà bákan náà, kí bàbá yẹn tó tún pè ọ́.