Longbow (ọrun gígùn): báwo lẹ ṣe ń di tiyín mú, páùn mélòó ló sì yẹ mí?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ọfà títa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Longbow tí mò ń lò, páùn 45 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn bó ṣe le tó láti fà, ìgbà tí wọ́n fà á dé íǹṣì 28 ni wọ́n sì wọ̀n ọ́n, àmọ́ apá tèmi ò gùn tó yẹn, bíi 26 ni mò ń fà á dé, íǹṣì kọ̀ọ̀kan sì lè yọ tó páùn méjì sí mẹ́ta kúrò, torí náà bóyá bíi 40 ni mò ń fà gan-an. Síbẹ̀ tí mo bá ta ọfà díẹ̀ báyìí, èjìká mi á ti máa gbọ̀n, ọwọ́ mi ò sì ní dé etí ẹnu mọ́ kí n tó fi ọsán (okùn ọrun) sílẹ̀. Kì í ṣe ọrun compound tó máa ń fúyẹ́ téèyàn bá fà á dópin o. Ṣé kí n sọ̀kalẹ̀ sí 30 ni àbí 35?

Èyí tó ká mi lára jù ni ọwọ́ tí mo fi ń di ọrun mú. Igi ibẹ̀ kàn tọ́ gbọnrangandan ni, kò ní ibi tí ọwọ́ ń wọ̀ sí bíi ti recurve, ìyẹn ọrun tí ẹnu rẹ̀ ká síwájú. Tí mo bá fún un pinpin, á yí mọ́ mi lọ́wọ́, ọfà á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá dẹwọ́ tó jókòó sórí ẹran ìdí àtàǹpàkò, ó máa ń lọ tààrà, àfi tí ọwọ́ bá làágùn tó wá ń yọ̀. Ṣé kí n we awọ mọ́ ọn? Ṣé ìdí àtẹ́lẹwọ́ náà gbọ́dọ̀ kàn án ni?