Upright béèsì oníná: pickup píẹ́sò ni kí n rà àbí olóòfà?

BéèsìỌ̀fà

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta béèsì ní Ìlọrin àti gbogbo ọ̀nà Ìgbómìnà. Ọ̀fà ni mo wà, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta béèsì. Lọ́dún tó kọjá mo ní kí káfíńtà tó ń bá wa ṣe àga ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ́ upright fún mi, èyí téèyàn máa ń dúró ta yẹn, àmọ́ kò ní ikùn, pákó ìrókò gbọọrọ kan báyìí ni, okùn ẹ̀ láti òkè dé bírììjì, ìyẹn pákó tí okùn gùn lé, jẹ́ ínǹṣì 41 àtààbọ̀. Okùn irin ni mo so sí i. Pickup tó wà lára ẹ̀ báyìí, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn wọ inú wáyà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, àwo píẹ́sò (ohun tó ń sọ ìgbọ̀nrìrì di iná) pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú àwọn nǹkan tó ń han píí píí yẹn ni, mo fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bírììjì, mo jó wáyà ẹ̀ mọ́ jáàkì, ó di inú míksà tààrà.

Ohùn tó ń jáde ò ṣeé gbọ́ sétí. Ó ń dún bí ẹ̀fọn inú agolo. Tí mo bá ta okùn E, èyí tó nípọn jù, ariwo kó tí ìka mi ń dún lára okùn ni wọ́n ń gbọ́, béèsì gan-an ò sí ńbẹ̀, ọ̀gá kọ́áyà wa bi mí lójú gbogbo èèyàn pé ṣé agogo ni mò ń lù ni. Mo ti wá kó owó díẹ̀ jọ, ẹyọ pickup kan ṣoṣo ló lè gbé. Àwọn kan ní kí n ra olóòfà bíi ti gìtá béèsì, àwọn kan ní píẹ́sò gidi ni, bíi Fishman Full Circle tàbí K&K Bass Max. Mo tún máa ń fà á bíi gòjé nígbà míì tí orin bá rọ̀. Èwo ni kí n rà?

ỌmọAdéwọlé

Ará Ọ̀fà tó ń wá òòfà 😂 ìjàkadì lorò yín, ẹ wá gbé e dé ìdí béèsì.

Àbúrò, èmi ti ṣe olóòfà rí. Mo tú pickup kúrò lára gìtá béèsì tòkunbọ̀ kan, mo kàn án mọ́ ibi tí pákó ìka parí sí lára upright mi. Okùn irin lèmi náà lò, torí òòfà ò mọ ohun tí kì í ṣe irin, ọ̀rẹ́ mi kan fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń gé koríko so tiẹ̀, ó ta á títí, òòfà ò dá a lóhùn. Tèmi dún o, kò sì ké hoo bí mo tiẹ̀ dúró síwájú sípíkà. Àmọ́ pickup gìtá, pẹrẹsẹ ló rí, okùn upright sì yọ láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá, E àti G wá sún mọ́ òòfà, A àti D jìnnà sí i. A dé ibi walíma kan, tí mo bá wà lórí E ilẹ̀ ń mì, bí mo bá ti bọ́ sórí A ó dà bí ẹni pé mo ti lọ gba ìrẹsì mi. Àlàfo okùn náà ò bára mu, ti gìtá jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 19, ti upright fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ojú òòfà wọ̀nyẹn ò bọ́ sábẹ́ okùn rárá. Òòfà tí wọ́n dìídì ṣe fún upright wà o, mi ò ní kò sí, àmọ́ ohùn wọn jọ ti gìtá béèsì, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Tó bá jẹ́ ohùn gìtá lo fẹ́, gbé gìtá, ó kúkú fúyẹ́. Tó o bá sì ń fà á, òòfà á gbọ́ ohùn, àmọ́ bí irun ọ̀pá tó o fi ń fà á ṣe ń họ okùn yẹn, píẹ́sò ló máa ń gbé e jáde.

Ra píẹ́sò.

Ṣọ́dàGàáAkànbí

Ẹ dúró ná, kẹ́nikẹ́ni má tíì náwó. Amp ni mò ń tún ṣe, irú ẹjọ́ báyìí máa ń dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa, wọ́n á ti ra pickup méjì mẹ́ta kí wọ́n tó dé, ohùn ẹ̀fọn ò sì lọ.

Bí kápásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀, ni píẹ́sò ṣe ń ṣe, kò dà bí òòfà. Irú àwo tó o lò yẹn, tó bá jẹ́ mílímítà 27, máa ń tó nǹkan bíi 20nF, bí kápásítọ̀ ṣe tóbi tó nìyẹn. Ojú line lára míksà, ibi tí wáyà ń wọ̀, bó ṣe ń dènà iná tó jẹ́ nǹkan bíi 10kΩ. Méjèèjì yẹn tí wọ́n bá pàdé ara wọn, wọ́n ti di asẹ́ nìyẹn, ohùn òkè á kọjá, ti ìsàlẹ̀ á máa dànù. Mo ṣírò ẹ̀, bíi 800Hz (ìgbọ̀n 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dànù, bó o ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Okùn E tìẹ, 41Hz ni. Kí lo wá rò pé ó máa kù? Tó bá jẹ́ ojú 1MΩ lo fi wáyà ẹ̀ sí, 800 yẹn á di 8, ohùn béèsì ẹ á kọjá pérépéré. Ra Full Circle lọ́la kó o fi wáyà ẹ̀ sínú míksà yẹn tààrà, ẹ̀fọn náà ni, àfi pé ẹ̀fọn olówó ńlá.

Preamp, ohun tó ń gba ohùn píẹ́sò kó tó dé míksà, ni kó o kọ́kọ́ wá, tàbí DI (àpótí kékeré tó ń so béèsì mọ́ míksà) oníbátìrì tí wọ́n kọ 1MΩ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Èyí tí ò ní bátìrì, bíi 140kΩ ló máa ń jẹ́, ti gìtá olóòfà nìyẹn. Tó o bá lè jó sọ́dà, FET kan (irú transistor kan), resistor mélòó kan àti bátìrì 9V ti tó, wá sí ṣọ́ọ̀bù mo máa yàwòrán ẹ̀ fún ẹ. Kó wà lára béèsì fúnra ẹ̀ o, kí wáyà àárín ẹ̀ àti píẹ́sò kúrú, kó o fi fọ́ìlì bo àwo yẹn kó o so fọ́ìlì mọ́ ilẹ̀ jáàkì, torí iná NEPA àti jẹẹ́nì 50Hz ni, ohùn G tó wà lórí okùn E ẹ jẹ́ 49Hz, tí híì, ariwo iná yẹn, bá wọlé pẹ̀nrẹ́n oò ní mọ èwo lo ta èwo ni jẹẹ́nì ta.

Ó tán. Ẹẹ̀n, tún wo bọ́tìnnì kékeré lórí míksà tí wọ́n kọ low cut sí, òun ló ń gé ohùn ìsàlẹ̀ dànù.

BàbáOníbéèsì_ÒmùÀrán

Ọ̀rọ̀ Ṣọ́dà dáa, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn tán. Preamp ò lè sọ àwo píí píí di pickup. Àwo tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ máa ń gbé kó kó kó ìka àti ariwo pákó jù, bó o bá wá fi preamp gbé e sókè ariwo yẹn náà á gòkè. Píẹ́sò fẹ́ kí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọmọ mi, bírììjì ẹ ni kó o kọ́kọ́ wò kó o tó mú orúkọ kankan. Full Circle yẹn, inú ìdè tí wọ́n ń yí gbé bírììjì sókè sódò ló wà, bírììjì tí ò ní ìdè ò lè lò ó, tó bá ní in náà, ojú ìdè ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ọ̀pá tó wà níbẹ̀ mu. Bass Max ń há sínú àlàfo abẹ́ etí bírììjì, apá tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn. Pickup Realist ní tiẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ bírììjì ni wọ́n ń fi sí. Èyí tí káfíńtà ẹ gbẹ́, ṣé ó ní etí? Ṣé ó ní ìdè?

Ọ̀rọ̀ òòfà náà, ẹ má tíì sin ín. Ampeg gbé Baby Bass jáde lọ́dún 1962, òòfà ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ abẹ́ bírììjì ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe abẹ́ okùn, àwọn onísálsà ò sì tíì jẹ́ kó lọ títí dòní. Ohùn ẹ̀ máa ń ṣe búù, ó kúrú, ó sanra. Ẹni tó bá gbọ́ hailáìfù dáadáa máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọyẹ́ ń bọ̀ o. Ìrókò tìẹ lè má ṣe nǹkan kan, àmọ́ bírììjì tí pákó ẹ̀ ò gbẹ tó á sún kì, ohun tó há dáadáa nínú òjò á máa gbọ̀n pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ nígbà yẹn.

BéèsìỌ̀fà

Ẹ ṣeun gan-an ni ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá, ẹ ṣé sà. Mo lọ Gàá Akànbí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n Ṣọ́dà ṣe preamp FET yẹn sínú agolo tòmátò kékeré kan fún mi, wọ́n ní agolo gan-an ni yóò lé híì. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn ti yàtọ̀, àmọ́ okùn E ṣì ń tijú. Mo wá rántí bọ́tìnnì. Ẹ gbà mí. Low cut wà ní títẹ̀ lórí ojú tèmi, wọ́n kọ 80Hz sí i, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, E, A àti D mi, ìdí ẹ̀ ló ń gé. Mo yọ ọ́, mo ta E, gíláàsì fèrèsé ẹ̀yìn pẹpẹ dáhùn. Ọ̀gá kọ́áyà ní kí n rọra.

Ọ̀rọ̀ Bàbá náà ṣẹ ṣá, kó kó kó yẹn ti pọ̀ sí i. Bírììjì mi ò ní ìdè, àmọ́ ó ní etí méjèèjì, Bass Max ni mo máa rà. Àlàfo abẹ́ etí ẹ̀ ló kéré, ṣé kí n ní kí káfíńtà fi ayùn fẹ̀ ẹ́?

BàbáOníbéèsì_ÒmùÀrán

Ayùn kẹ̀! Sáńpépà ni kó o ká mọ́ pákó tín-ín-rín, kó o máa fi ha á díẹ̀díẹ̀, kó o máa fi pickup dán an wò. Pickup ni kó o kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ná kó o tó fọwọ́ kàn án rárá.

ỌmọAdéwọlé

Kò tún ra òòfà mọ́ o. Èmi ní ọ̀kan tí mo fẹ́ tà, ta ló fẹ́?