Kí ló lè mú àwọn ará Jàpáànù tẹ̀dó sí Kalifọ́níà?
Ẹ̀yin onímọ̀ ìtàn, ẹ jọ̀wọ́, mo ń kọ ìtàn àròsọ kan nínú èyí tí àwọn ará Jàpáànù tẹ̀dó sí etíkun Kalifọ́níà ṣáájú àwọn ará Sípéènì, tí wọ́n dé ibẹ̀ láti tẹ̀dó ní 1769. Ti ọkọ̀ kò ṣòro, nítorí pé ní 1613 ni Date Masamune, olórí agbègbè Sendai ní Jàpáànù, fi ọkọ̀ tí wọ́n kàn nílẹ̀ rẹ̀ rán ìránṣẹ́ rẹ̀, Hasekura Tsunenaga, lọ sí Acapulco, èbúté kan ní Mẹ́síkò. Ìdí tí wọn yóò fi dúró lọ́hùn-ún ni kò yé mi. Fàdákà kọ́, wọ́n ní i lọ́pọ̀ nílé. Ìjọba Tokugawa, tó ń ṣàkóso Jàpáànù nígbà náà, sì fòfin de ìrìn àjò sókè òkun ní 1635. Ǹjẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí ìjọba náà ń ṣe inúnibíni sí lè ti sá gba ibẹ̀ lọ?