Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: páwà sọ́pláì wo ni kí n rà fún kọ̀ǹpútà géèmù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ to kọ̀ǹpútà géèmù yìí: Ryzen 5 5600 ni ọpọlọ rẹ̀ (processor), RTX 3060 sì ni káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde. Páwà sọ́pláì (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tó bá kéèsì, àpótí kọ̀ǹpútà náà, wá kò lò tó oṣù méjì. Iná ìjọba lọ, ó dé padà tagbáratagbára, a gbọ́ "pàù!", òórùn wáyà jíjó sì gba gbogbo yàrá. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, ó fúyẹ́ bíi páálí òfìfo, bẹ́ẹ̀ 600W ni wọ́n kọ sí i lára! Ọpẹ́ ni pé káàdì kò bá a lọ, torí owó tí mo fi ra nǹkan yẹn kì í ṣe kékeré.

Mo ti ra stabilizer. Mo ti ṣírò ẹ̀: 65W ni wọ́n kọ fún Ryzen, 170W fún káàdì, Nvidia tó ṣe káàdì náà sì ní ká lo páwà sọ́pláì 550W. Méjì ni mo rí ní Wuse, iye kan náà: 550W tuntun, 80 Plus Bronze (80 Plus ni àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀; Gold ju Bronze lọ), tó ní gàràǹtì, àti 750W tòkunbọ̀, 80 Plus Gold, tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́rin. 750W ni àbúrò mi ń fẹ́, torí ó ní òun máa pààrọ̀ káàdì tó bá yá. Ọkàn tèmi wà lára tuntun.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, pẹ̀lú ooru Àbújá àti iná tó ń ṣe ségesège yìí, èwo lẹ máa rà nínú méjèèjì?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.