Bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí, owó wa kò dọ́gba

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka ìrírí tí àwọn obìnrin tó ṣáájú mi kọ síbí nípa iṣẹ́ tí wọ́n fi ọmọ sẹ́yìn ṣe, ni mo ṣe ní kí n sọ tèmi. Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò tíì pé oṣù márùn-ún tí mo fi pọ̀n ọ́n wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo sì rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kajú. Yorùbá ni mo ń sọ, àmọ́ bí mo bá ti la ẹnu, ohùn mi ti sọ pé àlejò ni mí.

Ẹni tó bá ti fọ́ kajú rí mọ̀ pé oje èèpo rẹ̀ a máa bó ni lọ́wọ́ bí iná. Eérú la fi ń pa ọwọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, eérú náà á ti di ẹrẹ̀ dúdú mọ́ wa lọ́wọ́, awọ ìka á sì máa ṣí. Èmi àti ọkùnrin kan la jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ohun tí mo ń fọ́ kì í sì í dín sí tirẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Síbẹ̀, ₦1,500 ni wọ́n ń san fún un lóòjọ́, ₦1,000 ni tèmi. Nígbà tí mo béèrè, ọ̀gá ní, “Ìyá Kétu, ọkùnrin ló ń gbọ́ bùkátà.” Kò béèrè ẹni tó ń bọ́ ọmọ ẹ̀yìn mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmú. Tó bá ti di agogo mọ́kànlá, omi ọmú á ti rin bùbá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí oje má bàa kan ọmọ lẹ́nu. Kí n tó fún ọmọ lọ́mú tán, kí n sì padà sídìí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ti yọ ₦200 nínú owó mi.

Lẹ́yìn tí mo ti kúrò níbẹ̀ ni ìyá kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò, tí mo ń fọṣọ fún, ṣí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà hàn mí. Abala 54 ní kí wọ́n fún obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pẹ̀lú, ní abala 17, fẹ́ kí owó iṣẹ́ kan náà dọ́gba fún takọtabo, ṣùgbọ́n ìyá náà ní abala yẹn wà lára àwọn tí èèyàn kò lè gbé dé ilé ẹjọ́. Mo sunkún lórí aṣọ tí mo ń fọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Tógò, tàbí láti Benue, tí ẹ ṣì wà nídìí kajú àti gaàrí, ṣé wọ́n ń yọ owó tiyín náà nítorí ọmọ?