Pápá ni àbí ọgbà? Lórí sítédíọ́mù béésíbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kọ́ sí àárín ìgboro

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín o. Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ló bi wá pé báwo lòun ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá pé ìlú kan l'Ámẹ́ríkà fẹ́ kọ́ sítédíọ́mù béésíbọ́ọ̀lù tuntun sí "downtown", ni Ẹ̀gbọ́n wa ará Iléṣà bá dáhùn pé "wọ́n fẹ́ kọ́ pápá ìṣeré tuntun sí ìsàlẹ̀ ìlú", àwọn kan sì ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, àgbà ni yín nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ìlú yẹn kò wọ̀ mí létí rárá.

Àwa tá a wà n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, téèyàn bá ní òun ń lọ sísàlẹ̀, ohun tá a máa gbọ́ ni pé ibi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ̀ ló ń lọ. Àárín ìlú tiwa, Ẹnuwà ni, iwájú ààfin, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ìsàlẹ̀. Ẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ńkọ́? Orúkọ àdúgbò nìyẹn jàre, bí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Ìbàdàn, a ò lè torí ẹ̀ sọ àárín gbogbo ìlú ayé di ìsàlẹ̀. Ìgboro ti wà nílẹ̀ fún wa, àárín ìgboro ló tó.

Ohun kan ṣáà wà níbẹ̀ o. Àárín ìgboro tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ẹnuwà, agbo ilé ló yí i ká, ilẹ̀ ṣú ni o, ẹ ṣì máa rí èèyàn. Tiwọn, ilé ọ́fíìsì gogoro ló pọ̀ níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn tí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́ kálukú á wọ mọ́tò ẹ̀ ó di ẹ̀yìn odi, ìgboro á wá dá páropáro. Ìdí tí àwọn aláṣẹ fi ń fẹ́ sítédíọ́mù síbẹ̀ nìyẹn, torí ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù ńlá kan máa ń gbá eré 81 nílé láàárín sáà kan, wọ́n ní èrò á máa wọ́ wá, ọjà á máa tà. Ṣé owó ìlú tí wọ́n ń dà sí i máa ń padà wọlé? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọrọ̀ ajé wọn ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹjọ́ tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára gan-an ni pápá. Mi ò ní pápá ò dáa fún bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, pápá ọkọ̀ òfurufú pàápàá a ti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo eré yìí fúnra ẹ̀. Láti béèsì kan (ìyẹn ibi mẹ́rin tí wọ́n sàmì sí nílẹ̀ tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sá yí ká) sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 90 ni, ibi yòówù kí wọ́n ti ń gbá a nínú líìgì ńlá wọn, kì í yẹ̀. Ògiri tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni kò dọ́gba, kálukú ló ní tiẹ̀. Ògiri yẹn sì wà nínú eré o! Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, tí bọ́ọ̀lù bá jáde wọ́n á kàn jù ú padà wọlé ni, àmọ́ níbi béésíbọ́ọ̀lù tó o bá fi igi gbá a kọjá ògiri, ariwo sọ, wàá rọra rìn yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká tí wàá fi délé, ìyẹn ibi tó o ti gbá a, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ dúró.

Ìgboro ló sì ń sọ bí ògiri ṣe máa rí. Fenway Park ní Boston, tí wọ́n ṣí ní 1912, ògiri apá òsì ibẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 37 lóòró, torí títì Lansdowne ló wà lẹ́yìn ẹ̀ gbàgà, kò síbi tí wọ́n fẹ́ sún un sí. Ní Baltimore, orí ilẹ̀ tí àwọn rélùwéè ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ Camden Yards sí, wọ́n ṣí i ní 1992, wọ́n fi ilé ìkẹ́rù gbọọrọ oníbíríkì sílẹ̀ lápá ọ̀tún, àtìgbà yẹn ni Cleveland, Denver, Pittsburgh àtàwọn mìíràn ti ń kọ́ tiwọn sígboro. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti San Diego, 2004, ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ láti 1909, wọn ò wó o, igun ilé yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ òpó ààlà lápá òsì, òpó tó ń sọ bóyá bọ́ọ̀lù wà nínú tàbí ó ti jáde. Ẹ ẹ̀ rí i? Ògiri ará ìlú di ara eré.

Ìdí tí mo fi ní ká pè é ní ọgbà béésíbọ́ọ̀lù nìyẹn. Koríko inú ẹ̀ lè máa jẹ́ pápá, ṣùgbọ́n koríko kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, ohun tí wọ́n ń kọ́ ni ọgbà. Ẹnìkan á ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ló máa wá sí wa lọ́kàn. Ẹni tó ní òun wà nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, ta ló ń rò pé wọ́n tì í mọ́lé? (Àfi lásìkò ìdánwò.) Béésíbọ́ọ̀lù ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "bọ́ọ̀lù àfigigbá" tẹ́nìkan dá lábàá máa kó kíríkẹ́ẹ̀tì àti họ́kì mọ́ ọn.

Àbúrò, kọ ọ́ báyìí: "Wọ́n fẹ́ kọ́ ọgbà béésíbọ́ọ̀lù tuntun sí àárín ìgboro."

Ó wá ku "home run" tó o tún béèrè, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá ògiri tí mo sọ lókè yẹn. "Eré ilé" tí wọ́n fún ẹ yẹn, jọ̀ọ́, sọ ọ́ nù. Ẹlòmíì ní "àgbásọnù", àmọ́ ta ló ń yọ̀ torí nǹkan sọnù? Àgbáfọgbà ni tèmi, bọ́ọ̀lù tá a gbá tó fo ọgbà. Ní San Francisco ó tiẹ̀ máa ń fò ó bọ́ sínú omi nígbà mìíì, àwọn èèyàn á ti jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí wọ́n ń dúró dè é. Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pápá lẹ ṣì fẹ́, kí lẹ máa ní bọ́ọ̀lù yẹn fò kọjá?