Oní-POP ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé: irú iná wo ni kí n so sí àjà ilé Màmá?

Ọmọ Ìṣánlú:
Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé tí àwa ọmọ ń kọ́ fún ìyá wa ní Ìṣánlú ti dé orí àjà. Wọ́n ti fa wáyà tán. Ọjọ́ Ajé ni oní-POP tó máa bo àjà ń bọ̀, ó sì ní kí n sọ iye ihò iná tí òun máa lu àti ibi tí òun máa lù ú sí. Mo lọ sí ọjà ní Lọ́kọ́ja ní Ọjọ́bọ̀, àmọ́ iná tí mo rí pọ̀ débi pé ọwọ́ òfo ni mo gbé padà. Yàrá mẹ́ta ni, pálọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 sí 14, ilé ìdáná jẹ́ 10 sí 10, balùwẹ̀ méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín. Àjà náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ chandelier ńlá, iná ọ̀ṣọ́ tó máa ń rọ̀ wálẹ̀ láti àjà, sí pálọ̀. Ní tèmi, Màmá ló wà lọ́kàn mi. Wọ́n ti lé ní 75, wọn ò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iná tó bá kọ mànà sí wọn lójú máa ń ni wọ́n lára. Sólà kékeré la máa fi gbé e nígbà tí kò bá sí iná.

Oníwáyà Kàbbà:
Ọ̀kun o, àǹtí wa. Ẹ kú ìnáwó ilé. Kí ẹ tó ka ihò, ẹ ka lumen. Iye iná tí gílóòbù ń jẹ ni wáàtì. Lumen ló ń sọ bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Gílóòbù LED tó dára tó ń jẹ wáàtì 9 máa ń fúnni ní bíi 800 lumen, ìmọ́lẹ̀ kan náà tí gílóòbù àtijọ́ ń jẹ wáàtì 60 kó tó fún wa. Pálọ̀ yín ń fẹ́ bíi 3,000 lumen, nítorí náà mẹ́rin tó ń fún wa ní 800 tó. Ilé ìdáná kéré, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àti iná wà níbẹ̀, ẹ má ṣahun níbẹ̀: panel (iná pẹlẹbẹ) wáàtì 24 kan láàárín, kí ẹ sì fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ ti àárín àjà nìkan ni, ẹ̀yìn ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́ ni ìmọ́lẹ̀ máa wà, òjìji ara rẹ̀ á sì bo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ti chandelier, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi bíi ẹsẹ̀ bàtà 7 ga sókè ilẹ̀ kí orí èèyàn má baà gbá a, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ló kù fún un. Tí wọ́n bá sì takú, orí igi àjà ni kí wọ́n ti kọ́ ọ, kì í ṣe ara POP. POP ò lè gbé e.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:
Àbúrò mi, Olúwa á jẹ́ kí Màmá jẹun ọmọ pẹ́. Ojú àgbà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ, àmọ́ kò fẹ́ èyí tó ń tàn sí i lójú tààrà. Ẹ má lu ihò kankan sókè orí bẹ́ẹ̀dì wọn rárá, torí ẹni tó bá dùbúlẹ̀, iná yẹn ló ń wò. Ẹ ra èyí tí ìbòrí rẹ̀ funfun bíi wàrà, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn káàkiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí àtiṣubú nígbà tí wọ́n bá dìde lóru lọ sí balùwẹ̀. Mo ti rí ìyá àgbà púpọ̀ tí egungun itan wọn ṣẹ́ lọ́nà yìí. Ẹ ní kí oníwáyà fi súwíìṣì méjì sí iná kan náà: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èkejì lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní CRI lára páálí. Èyí tó bá tó 90 ló ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bó ṣe rí gan-an. Ẹni tó ń lo oògùn oríṣi mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè mọ èyí tó funfun yàtọ̀ sí èyí tó pupa rúsúrúsú.

Ọmọ Ìyàrà:
Iná funfun 6500K ni kí ẹ fi sí gbogbo rẹ̀, jàre. Èyí tó pupa rúsúrúsú yẹn ń ṣe bíi àtùpà.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:
Àwọ̀ iná lásán ni K yẹn ń sọ, ẹ̀gbọ́n: bó bá kéré, iná á pupa rúsúrúsú; bó bá pọ̀, á funfun. 800 lumen ni 800 lumen, ìbáà pupa, ìbáà funfun. 3000K fún yàrá tí a ti ń sùn, 4000K fún ilé ìdáná. Funfun gbòò yẹn kì í jẹ́ kí oorun tètè kun àgbà.

Ìyá Mọ̀pà:
Ẹ má gbàgbé ìta. Òjò àkọ́rọ̀ tó bá rọ̀, tí eṣúnṣun bá jáde, iná funfun níwájú ilé ló máa kó gbogbo wọn wá. Láti ìgbà tí mo ti yí tèmi sí 3000K ni wọ́n ti dín kù. IP ni nọ́ńbà tó ń sọ bí iná ṣe lè dènà eruku àti omi tó: ẹ rí i pé ó jẹ́ IP65 nítorí òjò. IP44 ti tó fún balùwẹ̀.

Ọmọ Ìṣánlú:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ń ka èyí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sókè fún àbúrò mi, ó dákẹ́, ó ní ká fi chandelier sílẹ̀. Oníwáyà wa, ṣé sólà kékeré á gbé gbogbo rẹ̀? Fáànù ń kọ́, báwo ni ihò iná ṣe máa jìnnà sí i tó?

Oníwáyà Kàbbà:
Pálọ̀ wáàtì 36, ilé ìdáná 24, yàrá mẹ́ta ní 18 kọ̀ọ̀kan, balùwẹ̀ méjì ní 9 kọ̀ọ̀kan, iná mẹ́ta ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní 6 kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá tàn pọ̀, wáàtì 150 ni. Sólà á gbé e. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 85 sí 265V sí lára, torí iná wa a máa lọ sílẹ̀ gan-an lálẹ́.

Ní ti fáànù, ẹ jẹ́ kí ihò iná jìnnà sí ibi tí apá rẹ̀ ń yí dé. Bí iná bá wà lókè apá fáànù, ńṣe ni á máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, ojú Màmá ò ní gbà á. Kí oní-POP tó bo àjà lọ́jọ́ Ajé, ẹ fi fóònù ya gbogbo ibi tí wáyà gbà. Tí ẹ bá yà á tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín wò ó.